Ọmọ Oníkòkò Ra Kẹ̀kẹ́ Ọ̀nà Jíjìn

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi kí n tó kúrò ní Ṣakí pé yóò dà mí láàmú nílùú òyìnbó, kò sí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Wọ́n sọ ti òtútù. Wọ́n sọ ti oúnjẹ tí kò ní ata. Àbúrò bàbá mi kan tilẹ̀ fà mí lọ sẹ́yìn ilé, ó ní kí n ṣọ́ra fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ẹgbẹ́ mi ju àwọn òyìnbó lọ. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù lọ́wọ́, tí n óò máa sunkún nítorí pé mi ò mọ irú kẹ̀kẹ́ tí ǹ bá rà.

Ní tiwa, ta ló ń yan kẹ̀kẹ́? Kẹ̀kẹ́ ni kẹ̀kẹ́. Dúdú ni, irin ni, ó wúwo, ó ní agogo. Àgbẹ̀ á di iṣu mọ́ ọn, eléèédú á di àpò èédú mọ́ ọn, bó bá sì yarí, aṣekẹ̀kẹ́ tó wà lábẹ́ igi á fi òòlù bá a wí. Bàbá mi máa ń gun tiwọn lọ sí Àgọ́-Àmọ́dù láti lọ ra ìkòkò tó ti lu àti ẹ́ńjìnì tó ti kú, nítorí pé iṣẹ́ ìkòkò dídà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á yọ́ àwọn àlòkù náà nínú iná èédú, wọ́n á dà á sínú yanrìn, ó di ìkòkò tuntun. Inú èéfín yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo wá ṣe ní apá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé dé ilé ni. Mo máa gbé arúgbó dìde, mo máa wẹ̀ ẹ́, mo máa fún un lóògùn àti tíì, ó di ilé kejì. Àwọn ilé náà fọ́n káàkiri orí òkè. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwọn òkè yẹn inú mi dùn, mo ní Ọlọ́run ló mú mi wá síbi tó jọ ilé. N kò mọ̀ pé òkè tí òjò kì í dá lórí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Bọ́ọ̀sì wọn kì í yá dé, bó bá sì dé, kì í dé ibi tí mò ń lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rin èyí tó kù.

Ìyá arúgbó kan wà tó ń jẹ́ Dórótì. Ilé tiẹ̀ ló jìnnà jù. Nílùú wọn, orúkọ ni wọ́n ń pe àgbà, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ ọ́, Màmá ni mo máa ń pè é. Bí mo bá pẹ́, orí ibùsùn tó ti tutù ni màmá yẹn máa wà títí n óò fi dé. Kì í pariwo mọ́ mi. Ó kàn máa ń kọjú sí ògiri bí mo bá ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá mi pè mí. Obìnrin kan ni tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó máa dunni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn èèyàn ń ráhùn pé mò ń pẹ́, bẹ́ẹ̀ gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ tó kù ló ní mọ́tò. Ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ní bí oṣù tó ń bọ̀ bá fi parí tí n kò tíì rí nǹkan tí yóò máa gbé mi kiri, kò ní ṣeé ṣe fún àwọn láti máa lò mí lọ. Bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ yẹn ló dúró fún mi tí ìjọba fi jẹ́ kí n wọlé. Bí iṣẹ́ bá bọ́, èmi náà ń padà sílé nìyẹn, pẹ̀lú ojú wo?

N kò mọ mọ́tò wà. Ṣùgbọ́n mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Láti kékeré ni mo ti ń jí ti bàbá mi gbé, tí n óò ki ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ irin tó dábùú nítorí pé n kò ga tó ìjókòó. Mo wá sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

N kò sọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi fún wọn nílé. Ta ló ń sọ irú ìyẹn fún òbí tó wà lókèèrè? Mo kàn ní mo fẹ́ ra kẹ̀kẹ́.

Mo ṣí fóònù mi pé kí n wò ó. Èmi tí mo rò pé kẹ̀kẹ́ ni kẹ̀kẹ́! Ti orí òkè wà, ti ìgboro wà, ti eré ìje wà. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n ní fún ọ̀nà jíjìn ni. Ọwọ́ rẹ̀ ká sísàlẹ̀ bí ìwo àgbò, àmọ́ wọ́n gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ẹ̀yìn ẹni tó ń gùn ún máà dá, taya rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti àwọn asáré lọ. Mo ní èyí ni tèmi. Bí mo ṣe ń kà á lọ ni ojú mi ń ṣú. Èyí tí wọ́n fi irin ṣe wà, ti kábọ́ọ̀nù tó fúyẹ́ jù tó sì wọ́n jù wà, ti alumíníọ́mù wà. Bí ẹnì kan bá ní alumíníọ́mù máa ń gbọn egungun ẹni, ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, taya ló ń gbọn èèyàn. Wọ́n ń bú ara wọn lórí rẹ̀! Àwọn àgbàlagbà. Nígbà tí n óò fi kà á tán, ohun tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti dàrú mọ́ mi lójú.

Ti kábọ́ọ̀nù kọjá agbára mi. Ti irin wúwo, bẹ́ẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá mi wà, mo gbọ́dọ̀ máa gbé e gòkè lójoojúmọ́. Ó ku alumíníọ́mù. Mo bá pe bàbá mi, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá di ti alumíníọ́mù, ta ni ǹ bá tún bi?

"Alumíníọ́mù kẹ̀?" ni bàbá mi wí. "Èyí tí mò ń yọ́ yìí?"

"Òun ni, Bàbá."

 Mo ń gbọ́ tí ẹnì kan ń ha yanrìn kúrò lára nǹkan lẹ́yìn wọn.

"Ọmọ yìí, kí omi ẹ̀kọ tó hó ni ìyẹn ti máa ń yọ́ fún mi. Bó bá já bọ́ sórí òkúta, fífọ́ ló ń fọ́, kì í kọ́kọ́ tẹ̀ kó tó fọ́. Ìkòkò la fi ń ṣe. Èèyàn kì í gun ìkòkò."

"Bàbá, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn yàtọ̀."

"Ó lè yàtọ̀." Mo mọ̀ pé kò dá wọn lójú. "Ó dáa, bó o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, fi ìka kàn án, kó o fetí sí i. Èyí tó bá ti sán, bí ojú ò bá rí i, etí á gbọ́ ọ."

Ìyá mi ti ń sọ pé "Bàbá Sàláwù, ẹ jẹ́ n bá a sọ̀rọ̀" láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Sàláwù ni ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí fóònù dé ọwọ́ wọn, mo ní ohun mìíràn tó tún ń dà mí láàmú ni pé kẹ̀kẹ́ náà ní kékeré, ó ní àárín, ó ní ńlá.

"Èló èló?" ni ìyá mi bèèrè.

"Iye kan náà ni gbogbo wọn, Ìyá."

"Iye kan náà? Kékeré àti ńlá?"

"Iye kan náà ni."

"Kí lo wá ń rò? Ńlá ni kó o mú! Ta ní í fowó ńlá ra kékeré?"

Mi ò lè ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bá mi lára mu tó. Láàárín gbogbo àwọn gbólóhùn àjèjì tí mo ti kà, òun nìkan ló ní láárí. Bàtà Iléyá mi, títí mo fi wọ iléèwé gíga, àkísà ló máa ń wà níwájú rẹ̀. Yunifọ́ọ̀mù mi, wọ́n máa ń ṣẹ́ ẹ sókè, wọ́n á máa tú u sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ìyá mi ò ra ohun tó ṣe wẹ́kú rí láyé wọn. Ohun tó bá ṣe wẹ́kú lónìí, kí ni a ó fi ṣe lọ́la?

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó fín ewé sí ọrùn, ó ní kí n máa pe òun ní Kíréègì. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe. Inú bí mi díẹ̀. Mo ní mo fẹ́ gùn ún ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó kó àwọn alumíníọ́mù ọ̀nà jíjìn jáde, ó tò wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìka kan àkọ́kọ́, mo gbé etí lé e. Mo kan ìkejì. Ohùn wọn dún gooro, kò sí èyí tó sán, ṣùgbọ́n mo ṣe gbogbo wọn tán kí ẹnikẹ́ni máà sọ pé ọmọ oníkòkò kò mọ iṣẹ́ ilé wọn. Nígbà tí mo gbójú sókè, àwọn oníbàárà méjì ti dúró, wọ́n ń wò mí, ọ̀kan nínú wọn náà sì ti ń fi ìka kan tiẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Kíréègì mú ìwé ńlá kan tó le wá. Ó ní òun fẹ́ wọn gígùn ẹsẹ̀ mi. Ó ní kí n fẹ̀yìn ti ògiri, kí òun ki ìwé náà sáàárín itan mi, kí òun sì fà á sókè.

Ẹ jọ̀ọ́, èmi, pẹ̀lú híjáàbù lórí mi, láàárín ṣọ́ọ̀bù! Mo ní rárá o. Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ojú tì í, ó bẹ̀ mí, ó ní bí òun bá fojú wò mí, kékeré ni yóò bá mi mu. Mo ní ńlá ni mo fẹ́. Ó ní ńlá yẹn, àwọn ọkùnrin tó ga bí ilẹ̀kùn ni wọ́n ń gùn ún. Mo ní ṣé iye kan náà kọ́ ni? Ó ní iye kan náà ni. Mo ní ó dáa, ńlá.

Ohun tí mò ń rò nígbà náà rèé: pé kékeré ni kò tà, pé ó ti rí àlejò tí kò mọ nǹkan kan, ó fẹ́ tì í sí mi lọ́rùn. Bó ṣe ń rọ̀ mí tó ni mo ń le sí i tó.

Ìyẹn ni ohun tí n kò tíì rí ẹni ṣàlàyé fún mi nípa ìlú ẹlòmíràn. Nílé, bí mo bá dé ọjà Ṣakí, mo mọ ojú ẹni tó fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Mo mọ ẹ̀rín tó jẹ́ ẹ̀rín, mo mọ èyí tó jẹ́ ọgbọ́n. Níbí, ọ̀gá mi ń rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ lé mi. Kíréègì ń rẹ́rìn-ín, kí lòun náà fẹ́? Gbogbo wọn ló ń sọ "jọ̀ọ́" àti "o ṣé" títí etí á fi kún, èmi ò sì mọ ẹni tó fẹ́ràn mi, mi ò mọ ẹni tó ń fi mí ṣẹ̀sín. Èèyàn á wá di ẹni tí kì í gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ń rẹni.

Mo gun kẹ̀kẹ́ ńlá náà lọ síbi iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sí mi, mo nà tàntàn lé e lórí bí aṣọ tí wọ́n sá. Ọrùn ń ro mí, àtẹ́lẹwọ́ mi kú, ìbàdí mi ń gbá ọ̀tún gbá òsì kí ẹsẹ̀ mi tó dé ìsàlẹ̀. Mo ní ara mi ni kò tíì mọ́ ọn. Mo ń fara dà á, bí a ṣe ń fara da bàtà Iléyá.

Àfi ọjọ́ tí iná pupa dá mi dúró ní ìkóríta abẹ́ òkè. Mo na ẹsẹ̀ pé kí n fi tẹlẹ̀, ẹsẹ̀ kò bá ilẹ̀. Mo ń wá ilẹ̀ títí mo fi rí i. Gbì! Èmi ní ìsàlẹ̀, kẹ̀kẹ́ lórí, híjáàbù mi bo ojú. Àwọn èèyàn bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò wọn, wọ́n ń bèèrè bóyá mo wà dáadáa, èmi ni mo sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máà bínú. Kí ni mo ṣe fún wọn tí mo fi ń bẹ̀ wọ́n? Títí di òní n kò mọ̀.

Mo pẹ́ dé ọ̀dọ̀ Màmá Dórótì lọ́jọ́ náà, orúnkún mi sì bó. Bí mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́, ó tọ́ka sí fèrèsé.

"Kẹ̀kẹ́ ta ni yẹn?"

"Tèmi ni, Màmá."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó wo kẹ̀kẹ́. "Rárá o," ni màmá wí, "kì í ṣe tìẹ," ó sì kọjú sí ògiri.

Mo lọ sí ilé ìdáná, mo ṣí omi kó máa ṣàn kó máà gbọ́ ẹkún mi. Ibẹ̀ ni òwe àwọn àgbà ti sọ sí mi lọ́kàn, pé bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìyá mi rán mi níṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń rán ọmọ tó ṣì ń ga. Bẹ́ẹ̀ mo ti ga tán. Kò sí ohun kan tí yóò tún gùn lára mi mọ́, bí mo ṣe rí yìí ni n óò ṣe gbé nílùú yìí.

Oṣù tí ọ̀gá mi dá fún mi ti ń lọ sí ìparí. Mo ti kẹ̀kẹ́ náà padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń tò ó lọ́kàn bí n óò ṣe bẹ̀bẹ̀. Ọjà tí a ti lò, tó tún ti ha, ta ló máa gbà á padà lọ́wọ́ ẹni? Bí mo ṣe wọlé tí mo rí Kíréègì, mo kúnlẹ̀. Ó pariwo. Ó rò pé òòyì ló kọ́ mi, ó sáré bu omi wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni mo ń wí. "Kékeré ni mo fẹ́."

Ó ní kí n dìde, ó ń bẹ̀ mí kí n dìde. Ó ní ṣọ́ọ̀bù àwọn máa ń gba kẹ̀kẹ́ padà bí kò bá bá èèyàn mu, bó bá ti jẹ́ láàárín oṣù kan. Mo fi ibi tó ha hàn án. Ó ní ọ̀dà lásán ni, òun á kùn ún. Mo dúró, mo ń retí ibi tí ọgbọ́n náà máa gbà jáde. Kò gbabì kankan jáde. Ó gbé ìwé líle yẹn fún mi, ó ní kí n fúnra mi gbé e sáàárín ẹsẹ̀ mi, kí n fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sára ògiri. Ó yí ẹ̀yìn padà. Ó ń wo òde títí mo fi ṣe tán.

Alumíníọ́mù náà ni, kékeré. Mo fi ìka kàn án kí n tó gbé e jáde. Nígbà tí mo jókòó lé e, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló tẹ ilẹ̀.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e mo gun òkè Màmá Dórótì láìsọ̀ kalẹ̀. Mo kọrin, mo pààrọ̀ jíà, mo tún kọrin. Mo dé kó tó jí. Ibùsùn rẹ̀ gbẹ. Ó la ojú, ó wò mí, ó wo aago, kò kọjú sí ògiri. Ó ní kí n ṣe tíì tèmi náà.

Ọjọ́ tí oṣù parí, àárín ọ̀nà ni mo wà, láàárín àwọn àgùntàn, nígbà tí ọ̀gá mi pè. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Ó ní kò sẹ́ni tó ráhùn mọ́, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Mo dúró, mo ké Allahu akbar, àwọn àgùntàn sá. Mo pe ilé lójú ẹsẹ̀. Oòrùn ti wọ̀ lọ́hùn-ún, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń pe ìrun mọ̀ríbì.

"Ìyá, wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ!"

Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rántí pé n kò sọ fún wọn rí pé iṣẹ́ fẹ́ bọ́. Báwo ni wọ́n ṣe máa bá mi yọ̀ sí ogun tí n kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mò ń jà? Gbogbo ayọ̀ náà tutù sí mi lẹ́nu.

"Alihamudulilahi," ni ìyá mi wí. Ohùn wọn ń gbọ̀n. "Alihamudulilahi robilialamina."

"Ẹ ò bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kí n bi ọ́ kí ni? Ọmọ tí ara rọ̀, ṣé ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ló máa pe bàbá ẹ̀ sí, tí ohùn ẹ̀ á máa há? A mọ̀ pé nǹkan ń bẹ lọ́rùn ẹ. O ò sọ, àwa náà ò bi ọ́. Bàbá ẹ ń gbààwẹ̀ Àtìní àti Àlàmísì láti ọjọ́ yẹn. Bó bá ṣínu tán, omi àti ọ̀gì díẹ̀, á ní ó tó."

 Mo di kẹ̀kẹ́ mi mú. Ìyá mi gbé fóònù kúrò létí, mo sì gbọ́ wọn tí wọ́n ń ké láàárín ilé wa ní Ṣakí:

"Bàbá Sàláwù! Ẹ wá jẹun dáadáa lónìí o. Wọn ò lé e mọ́!"